232,792,560: nọ́ńbà tí 1 títí dé 20 pín láìṣẹ́kù

Aládìrẹ_Ìtòkú (7:42 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi tó wà ní SS1 mú iṣẹ́ àṣetiléwá wálé. Wọ́n ní kí wọ́n wá odidi nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí a lè fi 1, 2, 3 lọ títí dé 20 pín, tí nǹkankan ò ní ṣẹ́ kù. Ó wo fóònù, ó kọ 232,792,560 sínú ìwé, ó ti lọ sùn. Èmi ni oorun ò kùn. Mo fi 17 pín in lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó pé. Mo fi 19 pín in, ó pé. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń dé ibẹ̀ láìwo fóònù? Ta ló sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí èyí tó kéré jù ú lọ? Ẹ má fi gírámà pa mí o, aṣọ ni mò ń tà.

ỌmọLíṣàbí (7:50 alẹ́)
Màmá, ẹ kú ọjà. Ṣebí kí ẹ kàn sọ gbogbo wọn di púpọ̀ ni: 1 × 2 × 3 títí dé 20. Ó parí.

Alábàtà400L (7:55 alẹ́)
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn á pín ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kéré jù. Ohun tí ẹ máa rí ni 2,432,902,008,176,640,000. Ó ju ìlọ́po bílíọ̀nù mẹ́wàá èyí tí màmá kọ sílẹ̀ lọ. Fóònù mi ò tilẹ̀ lè kọ ọ́ tán, E18 ló fi parí ẹ̀.

KáfíńtàLáfẹ́ńwá (7:58 alẹ́)
Iná ò sí, ooru ń mú, ẹ̀yin ń ka bílíọ̀nù. Mo ti jókòó ní tèmi, ẹ máa bá a lọ.

TíṣàÌbarà (8:21 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́, màmá. Ọjà ni n ó fi ṣàlàyé, ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọjà ọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí po, torí pé a máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn ló fi ń di márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ ilé ìjọsìn ń yí po ní ọjọ́ méje-méje. Bí ọjà ọrún bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi lónìí, ìgbà wo ni yóò tún bọ́ sí i? Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sí òní. 28 ni nọ́ńbà tó kéré jù tí 4 àti 7 jọ pín. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní LCM nílé ìwé.

Ẹ wá mú ìtàdógún, tó ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ dà á pọ̀ mọ́ 4 àti 7 yẹn. Kì í ṣe 4 × 7 × 16, tó jẹ́ 448. Ọjọ́ 112 péré ni. Kí ló dé? Torí pé 4 ti wà nínú 16. Ẹni tó bá sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó san owó ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ỌmọLíṣàbí ṣe lókè yẹn náà nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè láti 1 dé 20. Bí a bá dé orí nọ́ńbà kan, a ó bi í pé kí ló ní tí a ò tíì ní? Ohun tí a ò ní nìkan la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Dé 2, a di 2. Dé 3, a di 6. Dé 4: a ti ní 2 kan, 4 sì nílò méjì, nítorí náà a gba 2 kan sí i, a di 12. Dé 5, a di 60. 6 ńkọ́? 2 àti 3 ti wà nínú 60, kò ní nǹkankan fún wa, a kí i, a kọjá. Dé 7, ó di 420. 8 fún wa ní 2 kan sí i: 840. 9 fún wa ní 3 kan sí i: 2,520. A kọjá lára 10. 11 sọ ọ́ di 27,720. A kọjá lára 12. 13 sọ ọ́ di 360,360. 14 àti 15, a kọjá. 16 fún wa ní 2 kẹrin: 720,720. 17 sọ ọ́ di 12,252,240. 18, a kọjá. 19 gbé e dé 232,792,560. 20 dé, ó bá 4 àti 5 nílẹ̀, ó kí wa, ó lọ.

Ohun tó wà nínú ìkòkò wa báyìí ni 2 mẹ́rin, 3 méjì, àti 5, 7, 11, 13, 17, 19 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè yín kejì, pé ta ló lè búra pé kò sí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀: ẹ yọ ohun kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Yọ 2 kan, 16 ò ní pín in mọ́. Yọ 3 kan, 9 àti 18 bọ́ sílẹ̀. Yọ 5, ó di pé 5, 10, 15 àti 20 ló ń bá yín jà. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó wà lásán. Nọ́ńbà yòówù tí 1 dé 20 bá lè pín gbọ́dọ̀ ní gbogbo wọn nínú, nítorí náà kò lè kéré sí èyí.

Aládìrẹ_Ìtòkú (8:30 alẹ́)
Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó yé mi wàyí. Àbí ẹ ń sọ pé 18 àti 20 ò dá owó kankan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n jẹ?

TíṣàÌbarà (8:34 alẹ́)
Ọ̀fẹ́ pátá, màmá. 21 àti 22 náà jẹ ọ̀fẹ́, torí 3 × 7 ni 21, 2 × 11 sì ni 22. Àwọn tó ṣe ìbéèrè ní 1 dé 20, àmọ́ bí wọ́n bá ní 1 dé 22, ìdáhùn kan náà ni wọn ì bá rí. 23 ló máa dá wa dúró. Àwọn tó ń dáwó ni àwọn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín wọn àfi 1 àti ara wọn, àwọn tí a ń pè ní práìmù, pẹ̀lú àwọn tó jẹ́ práìmù kan ṣoṣo tó ń lọ́po ara rẹ̀, bíi 4, 8, 9 àti 16. Àwọn yòókù, ọ̀mùtí lásán ni wọ́n níbi àríyá.

KáfíńtàLáfẹ́ńwá (8:36 alẹ́)
Ọ̀mùtí níbi àríyá 😂 Mo mọ irú wọn ládùúgbò wa.

ÀgbàÌjàyè (9:03 alẹ́)
Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọdé yìí ń ka nọ́ńbà bí òyìnbó. Ẹ jẹ́ n kà á bí a ṣe ń ka owó ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Bí ẹ bá kó 232,792,560 sínú àpò ọ̀kẹ́, ẹ ó rí ọ̀kẹ́ 11,639, owó ẹyọ 12,560 á sì ṣẹ́ kù sílẹ̀, ìyẹn ẹgbàafà ó lé òjìdínlẹ́gbẹ̀ta. Èyí tó wá ń jọ mí lójú ni pé kò pé ọ̀kẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ ní gbogbo nǹkan ń pín, báwo ni ọ̀kẹ́ kò ṣe lè pín in?

Mo tún ní ìbéèrè kan. Odù mẹ́rìndínlógún ló jẹ́ ojú odù, 16 sì wà nínú àwọn tó pín in. Gbogbo odù lápapọ̀ jẹ́ 256. Ṣé 256 náà pín in?

TíṣàÌbarà (9:20 alẹ́)
Bàbá, ẹ kú àgbà. Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí.

Ogún pín in, ó pé. Okòwó, ìyẹn 40 tí àwọn bàbá wa máa ń sín pọ̀ mọ́ okùn kan, pín in pẹ̀lú: okùn 5,819,814, ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí igba, ó ti dìjà. 200 nílò 5 méjì, ẹyọ 5 kan ṣoṣo ló wà nínú ìkòkò wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbàá, tó nílò 5 mẹ́ta, àti ọ̀kẹ́ tó nílò mẹ́rin. Nínú 1 dé 20, kò sí nọ́ńbà kankan tó béèrè 5 lẹ́ẹ̀mejì. 25 nìkan ló lè mú èkejì wá, a ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ti odù, rárá, Bàbá. Bí ẹ bá fi 16 pín in, ohun tó kù ni 14,549,535. Ẹ wo ìparí rẹ̀, 5 ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì ni. Torí náà 32 gan-an kò lè pín in, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ 256. Kí 256 tó lè pín irú nọ́ńbà yìí, ẹ ní láti gun òkè láti 1 dé 256 fúnra rẹ̀, torí kò sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó ní 2 mẹ́jọ nínú.

ÀgbàÌjàyè (9:24 alẹ́)
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, Tíṣà.

Alábàtà400L (9:41 alẹ́)
Ẹ wo nǹkan tí mo rí o. Ẹ fi kọ́mà gé nọ́ńbà náà sí mẹ́ta: 232, 792, 560. Ẹ wá ro ti òsì pọ̀ mọ́ ti ọ̀tún.

232 + 560 = 792.

Èyí tó wà láàárín gan-an ni! Mo kọ́kọ́ rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo dán 12,252,240 wò: 12 + 240 = 252. Ara mi bù máṣọ. Ẹnikẹ́ni mọ ìdí rẹ̀?

Aráa_Kútọ̀ (10:02 alẹ́)
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé fi sílẹ̀. Iṣẹ́ 1001 nìyẹn.

7 × 11 × 13 = 1001. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú nọ́ńbà yín, nítorí náà 1001 wà nínú rẹ̀. Ẹ fi 1001 pín 232,792,560, ẹ ó rí 232,560. Ìyẹn ni pé 232,792,560 = 232,560 × 1001.

Kí ni ìlọ́po 1001? Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ rí i:

232,560,000
+ 232,560
= 232,792,560

Ẹ wo ibi tí 560 ti òkè wà, òun ló dúró lórí 232 ti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ló pàdé di 792. 232 ti òkè kò rí ẹni bá pàdé, 560 ti ìsàlẹ̀ náà kò rí. Ìdí nìyẹn tí ti òsì àti ti ọ̀tún fi ń di ti àárín.

Ẹnikẹ́ni lè fi ṣeré pẹ̀lú ọmọ nílé. Ẹ ní kó mú nọ́ńbà tó ní díjíìtì mẹ́ta èyíkéyìí, kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn. Ká ní ó mú 358, á kọ 358358. Ẹ sọ fún un láìwo ìwé pé 7 á pín in. Á rí 51,194. Ẹ ní 11 náà á pín in, á rí 32,578. Ẹ ní 13 náà á pín in, á rí 27,566. Kò sí nọ́ńbà tó lè mú tí kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí 358 × 1001 ló ṣe tí kò mọ̀.

ỌmọLíṣàbí (10:09 alẹ́)
Mo fi 904 dán an wò. 904904 ÷ 13 = 69,608. Ó pé! Ẹ̀yin yìí ti bà mí lórí jẹ́, mo ní ibi tí mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la o.

Alábàtà400L (10:13 alẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́, Aráa Kútọ̀. Ó mà dùn o. Èyí túmọ̀ sí pé mo lè mọ̀ bóyá 7, 11 tàbí 13 pín nọ́ńbà ńlá kan nípa fífi mẹ́ta-mẹ́ta gé e láti ọ̀tún, kí n máa rò kí n máa yọ: fi 560, yọ 792, fi 232. Bó bá di òdo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín in.

Aráa_Kútọ̀ (10:17 alẹ́)
Bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá tilẹ̀ di òdo, èyí tó kù lẹ máa wò. Bí 7 bá pín èyí tó kù, 7 á pín nọ́ńbà náà. Kan náà ni fún 11 àti 13.

ỌmọLíṣàbí (10:25 alẹ́)
Ìbéèrè tèmi: nọ́ńbà mélòó gan-an ló pín 232,792,560 láìṣẹ́kù? A mọ 22. Mo rò pé kò sí nọ́ńbà tó kéré jù ú tí ohun tó pín in á pọ̀ tó tirẹ̀.

TíṣàÌbarà (10:48 alẹ́)
Ẹ lè kà wọ́n láìkọ wọ́n jáde. Nọ́ńbà yòówù tó bá pín in, inú ìkòkò yìí kan náà ló ti máa bu ohun tó fi ṣe ara rẹ̀. Ó lè má mú 2 kankan, ó lè mú kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀nà márùn-ún. 3: kó má mú, kó mú kan tàbí méjì, ọ̀nà mẹ́ta. 5, 7, 11, 13, 17, 19: kó mú tàbí kó fi sílẹ̀, ọ̀nà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 = 960.

960 ni wọ́n. Ti pé kò sí tó kéré jù ú tó ní iye bẹ́ẹ̀, ẹ gba 183,783,600 wò. 2 mẹ́rin, 3 mẹ́ta, 5 méjì, àti 7, 11, 13, 17. 5 × 4 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2, ó di 960 bákan náà, ó sì fi bíi mílíọ̀nù 49 kéré sí tiwa. Ohun tó pàdánù ni 19: 19 ò lè pín in. Nọ́ńbà tó ń wá kí ohun tó pín in pọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń wá kí àwọn kan pàtó pín in. Tiwa gba 19 sílé nítorí pé wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tó bá ń wá èrò púpọ̀ lásán, 3 àti 5 tó tún padà wá dín owó kù fún un ju 19 lọ.

Àwọn nọ́ńbà tí kò sí èyí tó kéré jù wọ́n tó ní ohun tó pín in tó tiwọn, Ramanujan ará Íńdíà kọ ìwé gbọọrọ kan lórí wọn ní ọdún 1915. 720,720 tí a gbà kọjá lórí òkè wa wà lára wọn, ó ní 240. 2,520 náà wà níbẹ̀. Plato ti ilẹ̀ Gíríìkì tilẹ̀ ti fẹ́ràn 5,040 tipẹ́tipẹ́, ó ní iye agbo ilé tó yẹ kó wà nínú ìlú nìyẹn, kó lè rọrùn láti pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́. 1 dé 10 pín in, 12 pín in. 11 nìkan ló bá a jẹ́. Lójú tèmi o, ìlú tó bá ń wá 5,040 agbo ilé ní pípé, ọmọ kan tó bá gbéyàwó, tó sì kọ́ ilé tirẹ̀, ti da gbogbo ìṣirò rú.

KáfíńtàLáfẹ́ńwá (10:55 alẹ́)
Iná dé. Mo ní ìbéèrè kan. Ká ní mo gbé gílóòbù ogún kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kìn-ín-ní ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan-kan, ìkejì ní méjì-méjì, títí dé ogún, tí gbogbo wọn jọ ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Alábàtà400L (11:01 alẹ́)
Ọjọ́ 2,694 àti wákàtí mẹ́jọ àti díẹ̀. Ọdún méje àti nǹkan bí oṣù mẹ́rin àbọ̀. Kí iná má sì lọ láàárín ìgbà náà o.

KáfíńtàLáfẹ́ńwá (11:02 alẹ́)
Ó ti bàjẹ́ nìyẹn 😂

Alábàtà400L (11:20 alẹ́)
Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 1 kẹ́ ẹ máa dán nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wò, kọ̀ǹpútà á ṣe é ṣá, ṣùgbọ́n ìyà ni. Ọ̀nà tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìkì, kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ṣì ni ọ̀gá. Ká ní ẹ wà lórí 360,360, ẹ fẹ́ dé 16. Fi 16 pín 360,360, 8 ló ṣẹ́ kù. Fi 8 pín 16, kò ṣẹ́ kù. 8 ni ohun tí wọ́n jọ ní. 16 ÷ 8 = 2, nítorí náà 2 kan péré lẹ máa gbà: 720,720.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: bí ẹ bá lo int (àpótí odidi nọ́ńbà) ti Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, iye tó pọ̀ jù tó lè gbà ni 2,147,483,647. Dé 22 kò sí wàhálà. Bí ẹ bá dé 23, ìdáhùn tó tọ́ ni 5,354,228,880, kò gbà á, á sì fi 1,059,261,584 hàn yín láìkìlọ̀. Èèyàn á máa rò pé òun ti ṣe é. Ẹ lo long, àpótí tó tóbi jù ú lọ.

Aládìrẹ_Ìtòkú (6:10 àárọ̀)
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti jí ọmọ náà, mo ní kó pa èyí tó kọ rẹ́, kó gun òkè náà fúnra rẹ̀ láti 1. Ó bínú díẹ̀, ó ti dé 2,520 báyìí. Tíṣà, bó bá dé 30 ńkọ́, ṣé ó ṣì máa rọrùn?

TíṣàÌbarà (6:31 àárọ̀)
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ló máa dáwó láti 20 dé 30, màmá. 23 sọ ọ́ di 5,354,228,880. 25 fún un ní 5 kan: 26,771,144,400. 27 fún un ní 3 kan: 80,313,433,200. 29 ló kẹ́yìn: 2,329,089,562,800. Lápapọ̀, bí ẹ bá lọ jìnnà, ńṣe ni nọ́ńbà náà ń lé sí i bí ìgbà tí a bá ń sọ ọ́ di ìlọ́po bíi 2.718 ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dúró pẹ́ níbìkan kó tó fò. Ọdún 1896 ni Hadamard àti de la Vallée Poussin, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, oníkálukú lọ́tọ̀, rí ẹ̀rí ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kọjá SS1 o, ẹ má kà á fún un.

Aráa_Kútọ̀ (6:58 àárọ̀)
Mo ti fi mẹ́ta-mẹ́ta gé ti 30 náà: 800, yọ 562, fi 89, yọ 329, fi 2. Òdo. Ti 23 ló yàtọ̀: 880, yọ 228, fi 354, yọ 5. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ wo ohun tó bá jáde.

ỌmọLíṣàbí (7:04 àárọ̀)
1001!